Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Kí sáà tó kọjá tó parí, àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fi tó mi létí pé àwọn ọmọ kan tí wọn kì í yọnu tẹ́lẹ̀ ti ń tọ̀ sára ní kíláàsì, òmíràn ń lu ẹgbẹ́ rẹ̀ láìnídìí, òmíràn sì ń ta gìrì bí ẹnikẹ́ni bá gbóhùn sókè. Àwọn òbí kan ní oríkunkun ni, kí a nà wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ara rẹ̀ a máa tú èròjà kan tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó lè sá tàbí kí ó gbèjà ara rẹ̀. Kò sí ewu níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí àgbà kan sì wà nítòsí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí ìjà, ebi tàbí àìrójú òbí bá di ojoojúmọ́, apá ọpọlọ tí ó ń ṣọ́ ewu kì í sinmi mọ́, èyí sì ń ṣàkóbá fún apá tí a fi ń rántí ẹ̀kọ́ àti èyí tí ó wà níwájú orí, tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó síwájú pátákó láìgbọ́ ẹ̀kọ́ rárá, nítorí ojú olùkọ́ ni ó ń wò, bóyá ó ti ń bínú.

Ní Bucharest, olú-ìlú Romania, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọmọ 136 láti ilé ìtọ́jú ọmọ ìjọba ní nǹkan bí ọdún 2000. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Àwọn wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí ó kù lọ, pàápàá àwọn tí wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ ní ilé ìtọ́jú náà. Ẹni tí yóò gbé wọn mọ́ra ni kò tó.

Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àìrówó ń fa aáwọ̀ nínú ilé tí ó dára pàápàá. Láti sáà yìí lọ, olùkọ́ kankan kò ní lo ẹgba ní jẹ́lé-ó-sinmi, a kò sì ní dá ọmọ dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Òbí ni a ó bá sọ ọ́. Bí ikú, ìpínyà tàbí àìsàn bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì. Gbólóhùn kan ti tó, a kò ní tú àṣírí yín. Ẹ sì máa sọ fún ọmọ láàárọ̀ ẹni tí yóò wá mú un, nítorí àwọn kan ti ń wo ẹnubodè láti ọ̀sán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lè wá sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́