Ẹ̀sùn Lórí Pádì Àlòkù Tí Ẹ Tà fún Mi Bíi Tuntun

Kubwa,
Abuja.
17 oṣù kejì, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtajà Ẹ̀rọ Géèmù,
Wuse 2,
Abuja.

Alàgbà,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ ọjà kan tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín sùn yín. Ní ọjọ́ Sátidé, 4 oṣù kìíní ọdún yìí, mo san ₦780,000 fún ẹ̀rọ géèmù PS5 Slim kan, èyí tí ọmọ iṣẹ́ yín fi dá mi lójú pé tuntun ni, pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan títí di òní, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Pádì tó bá a wá, ìyẹn ohun tí a ń dì mú láti fi darí géèmù, ni ẹjọ́ mi dá lé, nítorí kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo gbé e délé tí ọ̀pá àtàǹpàkò apá òsì rẹ̀, èyí tí àwa tó ń ta géèmù ń pè ní análọ́ọ̀gì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìsí ọwọ́ ènìyàn lórí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kìíní, ni mo kọ́kọ́ rí i. Èmi àti àbúrò mi ń ta géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 25. Mo gbé pádì sórí tábìlì kí n lè bu omi mu, ìgbà tí n óò sì fi yíjú padà, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mi ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sí apá òsì pápá bí ẹni tí wọ́n pè láti ìta, ó fi ojú ilé sílẹ̀ gbayawu, àbúrò mi sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Géèmù ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. N kò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún FC. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi orúkọ FIFA sílẹ̀ ní 2023, lójú tèmi, orúkọ náà ló yí padà jù nínú rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kọ̀ǹpútà ń darí sì ṣì máa ń hùwà bí ẹni tó mutí. Nítorí náà ni mo ṣe fi God of War Ragnarök sí i, nítorí pé bí ènìyàn bá gbé pádì sílẹ̀ nínú géèmù yẹn, ńṣe ló yẹ kí Kratos, jagunjagun tí a ń darí nínú rẹ̀, dúró gbagidi. Kò dúró. Ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì ń rìn lọ títí tó fi forí sọ ògiri. Ìgbà yẹn ló dá mi lójú pé pádì ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, 1 oṣù kejì, mo gbé pádì náà padà wá bá yín. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ yín, ọmọkùnrin kan tó yá mọ́ni púpọ̀, so ó mọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó, ó sì fi géèmù ìjà Tekken 8 dán an wò. Ó ja ìjà mẹ́ta, ó borí nínú méjì, ó sì kéde fún gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe pádì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Nínú Tekken, bọ́tìnnì olófà mẹ́rin tó wà lókè análọ́ọ̀gì ni ọmọkùnrin yìí ń tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ géèmù ìjà ti máa ń ṣe. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò tilẹ̀ kan ohun tí mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Géèmù ìjà kì í sì í ka fífì díẹ̀ sí, àfi kí ènìyàn ti ọ̀pá náà dáadáa kí ẹni tó ń jà tó gbẹ́sẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ tí etí ń ro lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n wá ń yẹ orúnkún rẹ̀ wò. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bọ́ọ̀lù sí i, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ó wá yí ohùn padà. Ó ní ọyẹ́ ló fà á, pé eruku Kubwa ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo sì bi í léèrè bí eruku ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 15, ó ní ó lè jẹ́ iná ìjọba ni.

Ìmọ̀ràn tó fún mi kẹ́yìn ni pé kí n wọ inú ètò géèmù ogun Call of Duty, kí n fẹ ohun tí wọ́n ń pè ní dead zone, ìyẹn àyè tí géèmù kò ti ní ka ìrìn análọ́ọ̀gì sí. Òótọ́ ni pé Call of Duty ní ètò yìí, mo sì kan sáárá sí àwọn tó ṣe é, nítorí kì í ṣe gbogbo géèmù ló ní in. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ àyè náà tó ibi tí ìrìn pádì yìí dé, ọmọ ogun mi kò ní lè yọ́ ẹsẹ̀ gbé mọ́. Yóò dúró sójú kan tàbí kó sáré. Èmi kò san ₦780,000 kí n tó wá máa wá ọgbọ́n tí n óò fi bo àìsàn ọjà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ eruku, nítorí òun ló dùn mí jù. Kaduna ni mo dàgbà sí, ní Kakuri, ní ìgbà tí àwọn òbí mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà lẹ́bàá títì wa, tí PS2 mẹ́rin ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ìkélé ni wọ́n ta sí i lẹ́nu, títì náà kò sì ní ọ̀dà. Winning Eleven ni a ń ta níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò dìde fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú Inter Milan ló ni Adriano, ẹsẹ̀ òsì Adriano nínú géèmù yẹn sì lágbára débi pé ìjà gidi ti ṣẹlẹ̀ níta ṣọ́ọ̀bù lórí ẹni tó kàn láti mú un. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa a bo ojú tẹlifíṣọ̀n tí a fi máa ń fi apá àwọ̀tẹ́lẹ̀ nù ún. Wáyà pádì máa ń já, bọ́tìnnì máa ń kú, rọ́bà orí análọ́ọ̀gì máa ń bó dànù. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lọ síbẹ̀, n kò sì rí pádì kan tí ọ̀sẹ̀ méjì ọyẹ́ sọ di alárìnkiri. N kò ní kí ẹ gbà pé eruku kì í ba ẹ̀rọ jẹ́. Fáànù ló máa ń bá jà. PS4 tí mo lò ṣáájú eléyìí, bí eruku bá ti kún inú rẹ̀, a máa ké bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour, n óò sì tú u, n óò fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ariwo a sì rọlẹ̀. Mo mọ ohun tí eruku máa ń ṣe.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. PS5 lè gba iná láti fóólìtì 100 títí dé 240, èmi sì tún fi sítébíláísà gbà á. Fóólìtì 5 péré ni pádì ń gbà láti ara ẹ̀rọ náà bó bá ń gba iná sínú. Bí iná Kubwa bá wá lápọ̀jù, ẹ̀rọ ńlá àti tẹlifíṣọ̀n ni yóò kọ́kọ́ jóná, kò ní fo àwọn méjèèjì yẹn kó tó lọ wá análọ́ọ̀gì apá òsì nìkan lọ.

Ní 5 oṣù kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ẹ kò ní gba pádì náà padà, ẹ kò sì ní tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí ẹ ti kọ̀ tán ni mo tó gbé e lọ sọ́dọ̀ Máláàmù kan tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe ní Kubwa, tí mo ní kó tú u níṣojú mi, tí mo sì ya fídíò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sùkúrù mẹ́rin ló so ìta pádì yìí pọ̀: méjì wà nísàlẹ̀, méjì wà lábẹ́ L1 àti R1, níbi tí ojú kò lè tó àfi bí ènìyàn bá kọ́kọ́ yọ àwọn bọ́tìnnì náà. Kí Máláàmù tó fi irin kan àwọn méjì tó pamọ́ yẹn, orí wọn ti jẹ. Nígbà tó ṣí inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi lẹ análọ́ọ̀gì apá ọ̀tún mọ́ bọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní, ó sì dọ́gba. Ti apá òsì wú kúdukùdu, àmì iná ìjólẹ́ẹ̀dì sì dúdú yí i ká. Ẹnìkan ti tú pádì yìí rí, ó yọ análọ́ọ̀gì tó wà níbẹ̀, ó sì jó òmíràn tí kò dára mọ́ ọn. Mo rántí pé ní ọjọ́ tí mo rà á, ọmọ iṣẹ́ yín gbé páálí náà wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ní òun fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n sí i fún mi, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ló sì fi wà níbẹ̀ kó tó gbé e jáde. N kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, n kò sì ní fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ni láti wádìí rẹ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé èmi ni mo lò ó jù: inú análọ́ọ̀gì DualSense, ìyẹn orúkọ pádì PS5, ni ìlà káábọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí irin kékeré kan ń fa ara lọ fa ara bọ̀ lórí rẹ̀, bí ìlà yẹn bá sì ti jẹ, ẹ̀rọ kò ní mọ àárín gbùngbùn mọ́. Ní 2021, àwọn iFixit, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tú ẹ̀rọ kí wọ́n sì máa kọ́ ènìyàn bí a ti ń tún un ṣe, ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó ń ta Call of Duty lè lo ọ̀pá náà kọjá iye tí wọ́n ṣe é fún láàárín wákàtí 417. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí; láàárín 4 sí 19 oṣù kìíní, wákàtí tí mo lò nídìí géèmù kò pé 20. Mo mọ̀ pé irú análọ́ọ̀gì yìí kì í ṣe èyí tó dára jù láyé. Sega ti fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ti ẹ̀rọ géèmù wọn, Dreamcast, láti 1998, irú èyí tí nǹkan kì í ha nǹkan nínú rẹ̀, títí di òní ni kò sì yé mi ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi pa á tì. Sony tó ṣe PS5 fúnra wọn gbé pádì DualSense Edge jáde ní 2023, tí ènìyàn lè yọ análọ́ọ̀gì rẹ̀ kó fi tuntun sí i láìjó lẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 200. Èyí tó wà nínú páálí tèmi kò rí bẹ́ẹ̀; irú rẹ̀ bá bàjẹ́, àfi kí a jó o.

Ohun tó mú kí ìdáhùn yín yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó tóbi jù yín lọ kì í dáhùn báyìí. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 ti Microsoft ń kú kiri, tí iná pupa ń tàn yí bọ́tìnnì rẹ̀ ká, Microsoft fa wáráńtì rẹ̀ gùn di ọdún mẹ́ta ní 2007, ó sì ná wọn ní owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Wọn kò ní kí oníbàárà lọ wo bóyá eruku ń bẹ nílé rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì mi pé ọjà tí ẹ bá ti tà, ẹ kì í gbà á padà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó níbí ní Abuja, kò fi àyè sílẹ̀ fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láti bo ọjà alábùkù mọ́lẹ̀, ó sì pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé tòkunbọ̀ ni pádì yẹn, bóyá ǹ bá rà á ní iye tòkunbọ̀, a kì bá sì jọ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, mo ń béèrè fún pádì DualSense tuntun tí wọn kò tí ì ṣí páálí rẹ̀, tí a óò jọ ṣí níwájú ibi ìsanwó, tàbí kí ẹ dá ₦110,000 tí ẹ fi ń ta irú rẹ̀ padà fún mi. Mo tún ń béèrè fún ₦8,500 tí mo san fún Máláàmù, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di dandan fún mi. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n óò gbé rìsíìtì, fídíò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín lọ bá FCCPC.

Pádì náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi bí Máláàmù ti tò ó padà, n kò sì jẹ́ kí ó yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yín bá fẹ́ tún un wò, kó pè mí lórí nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì, n óò gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Kó má ṣe fi Tekken dán an wò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Oníbàárà yín láti Kubwa.