Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń fi 24 pín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú àyè tí ẹ ń yọ̀ǹda fún àwa tí a ń to àwòṣe ọkọ̀ àti rélùwéè kéékèèké. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, torí láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ní àwòṣe tí kò bá ti bá nọ́ńbà òṣùwọ̀n rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀, irọ́ ni. Wọ́n ní ká máa mú rúlà dání, ká wọn gbogbo ara rẹ̀, ibi tí kò bá bára mu, ká dá ẹni tó tò ó lẹ́bi. Wọ́n tún kọ ọ́ ní ìparí pé àwòṣe 1:24, ìyẹn èyí tí a fi 24 pín ìwọ̀n ohun gidi kí a tó tò ó, fi ìlọ́po méjì tóbi ju ti 1:48 lọ.

Ibi tí wọ́n parí sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn ò le. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kùn ún lọ́dà, ìlọ́po mẹ́rin ọ̀dà ló máa mu. Tí ẹ bá sì ri méjèèjì sínú omi, omi tí èyí tó tóbi máa tì kúrò jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ti kékeré, torí pé gígùn di méjì, fífẹ̀ di méjì, gíga náà sì di méjì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú kan náà ní 1:24 àti ní 1:48 mọ ohun tí mò ń sọ.

Aránṣọ ni mí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń to àwòṣe lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Tí bàbá kan bá ní kí n rán irú ẹ̀wù tí òun wọ̀ fún ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, mi ò jẹ́ kàn mú ìwọ̀n bàbá kí n pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Orí ọmọ kì í ṣe ìdajì orí bàbá, ọrùn ẹ̀wù náà ò ní gba orí rẹ̀ kọjá. Àyè tí mo ń fi sílẹ̀ fún ojú rírán ò ní di ìdajì, torí abẹ́rẹ́ mi àti òwú mi ò kéré sí i. Bọ́tìnnì tí mo bá sọ di ìdajì, ìka ọmọ náà ò ní lè dì í. Síbẹ̀, tí bàbá àtọmọ bá jọ jáde, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀wù kan náà ni wọ́n wọ̀.

Mo ní ọkọ̀ Volkswagen kan, èyí tí a ń pè ní ìjàpá, tí mo ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà débi pé apá mi ń gba inú ihò kan kọjá, mo sì ń gé ibi tó ti jẹ kúrò kí wọ́n lè jó irin tuntun mọ́ ọn. Lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń to ìjàpá kan náà ní 1:24. Èyí ńlá ni mo máa ń wọn kí n tó fọwọ́ kan kékeré. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mìlímítà 2,400 ni. Ẹ fi 24 pín in, 100 gééré ló máa jẹ́. Mo gbé rúlà lé ti orí tábìlì, 100 náà ni mo bá níbẹ̀, inú mi sì dùn gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Títí dé ibí yìí, ọ̀nà kan náà ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n jọ ń rìn.

Ibi irin ara ọkọ̀ ni ọ̀nà wa ti yà. Irin tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í nípọn tó mìlímítà kan. Tí ẹ bá fi 24 pín ìyẹn, ohun tó máa kù fẹ́lẹ́ ju bébà tí ẹ fi ń tẹ ìwé ìròyìn yín lọ. Ike tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ò ṣe é rọ, kò sì ní dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń tò ó. Nítorí náà, ike tó nípọn tó mìlímítà kan ni wọ́n sábà máa ń lò. Lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà 24 nìyẹn, ó nípọn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ohun tí àwa tí a ń tò ó máa ń ṣe ni pé a ó fi sáńpépà ha etí rẹ̀ láti inú, níbi tí ara ọkọ̀ ti ṣíjú bo táyà, títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa là á kọjá. Etí nìkan ni a máa ń ha. Ojú á rí etí tó fẹ́lẹ́, á sì gbà pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ nìyẹn. Tí Ẹ̀gbọ́n bá fi rúlà wọn àárín rẹ̀, wọ́n á ní mo purọ́. Tí wọ́n bá wo ọkọ̀ náà láti òkèèrè, òótọ́ ni wọ́n máa rí.

Ọ̀dà náà ńkọ́? Nígbà tí mo ń ha ara ìjàpá ńlá, àwọ̀ mẹ́rin ni mo bá lórí ara wọn kí n tó kan irin. Funfun ló wà lókè, pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọ̀ eérú tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ wà. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sára ọkọ̀ nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí mo bá kùn ún nípọn tó bẹ́ẹ̀ sára ti 1:24, á dà bí ìgbà tí ọkọ̀ gidi ru ọ̀dà tó nípọn ju mìlímítà méjì lọ, gbogbo ìlà etí ìlẹ̀kùn ló máa dí. Ìdí nìyí tí a fi ń fọ́n ọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí a ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí a tó fọ́n òmíràn lé e.

Àwọ̀ pàápàá kì í dúró bó ṣe wà. Búlúù tí mo yàn fún ìjàpá ńlá, mo bù ú láti inú agolo kan náà, mo pò ó, mo sì fọ́n ọn sára kékeré. Nígbà tó gbẹ, bàbá àwọn ọmọ mi wò ó, wọ́n ní, “Ṣé o ti yí ọkàn padà lórí àwọ̀ ni?” Ó ti dúdú jù. Mo rò ó títí kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ìdajì mítà péré ni mo fi jìnnà sí àwòṣe tí mo bá ń wò ó. Ní 1:24, bí ẹni dúró sí mítà 12 sí ọkọ̀ gidi ni. Mo bọ́ síta, mo wọn mítà 12, mo yíjú padà wo ìjàpá ńlá, búlúù rẹ̀ ti fò díẹ̀. Mo kán ọ̀dà funfun díẹ̀ sínú ti kékeré, ó sì wá jọ. Àwọn àgbà kan nínú eré yìí ò fara mọ́ èyí, wọ́n ní ọ̀dà gidi ni ọ̀dà gidi, a ò sì tíì parí àríyànjiyàn náà. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ọ̀dà tó ní wóró tó ń dán nínú ò dáa fún àwòṣe tí a bá bù ú láti inú agolo ọkọ̀ gidi. Àwọ̀ lè fò, wóró yẹn ò ní kéré sí i, á wá dà bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí ọkọ̀ lára.

Àpẹẹrẹ rélùwéè ni Ẹ̀gbọ́n lò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú irin. Wọ́n ní HO, ìyẹn 1:87, ni òṣùwọ̀n tó jẹ́ òótọ́ jù. Mo mọ ohun tí wọ́n rí. Ojú irin tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, mìlímítà 1,435 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi 87 pín in, ẹ ó rí 16.5, iye náà gan-an ló sì wà lórí tábìlì. Bákan náà ni òṣùwọ̀n Z tí ilé iṣẹ́ Märklin gbé jáde lọ́dún 1972, tó jẹ́ 1:220, pẹ̀lú àlàfo 6.5. Ṣùgbọ́n kí ni ká wá ṣe sí OO tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò? Orí ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù yòókù, mọ́tò iná ayé ìgbà yẹn ò sì wọ inú rẹ̀ ní 1:87. Wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ di 1:76.2, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ ní 16.5. Kó tó lè pé, 18.83 ló yẹ kó jẹ́. Títí di òní, tí ẹ bá wo ọkọ̀ OO láti iwájú, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ra jù. Àwọn kan ò lè mú un mọ́ra, wọ́n fẹ ojú irin dé 18.2, wọ́n pè é ní EM. Àwọn míì lọ dé 18.83 gan-an, wọ́n pè é ní P4. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Mi ò ṣáà ní torí ìyẹn pe gbogbo ẹni tó ń lo OO ní òpùrọ́.

HO tí Ẹ̀gbọ́n ń yìn pàápàá, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wọn ṣe ìwúwo rẹ̀. Orí ọkọ̀ oníná tó wọn tọ́ọ̀nù 84, a ó fi 87 pín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé a ó fi 658,503 pín in. Ohun tó máa kù jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 128. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ wúwo jù ú lọ. Tí ẹ bá so kóòṣì mẹ́jọ mọ́ irú orí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa yí lójú kan ni. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń di irin sínú rẹ̀. Èmi náà ti fi òjé kún tèmi títí ó fi wọn 400, ó sì ń wọ́ kóòṣì mẹ́jọ lọ láìkọsẹ̀. (Ẹ fọ ọwọ́ yín tí ẹ bá fọwọ́ kan òjé, ẹ má sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o.) Ti ibi tí ojú irin ti ń tẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀: irin títẹ̀ tó kéré jù nínú àpótí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa jẹ́ mìlímítà 360 láti àárín òbìrí rẹ̀. Ní gidi, mítà 31 nìyẹn, kò sì sí kóòṣì gígùn kankan tó máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ibì kan wà tí mi ò bá bá Ẹ̀gbọ́n jà rárá tí wọ́n bá mú nọ́ńbà lé wa lórí, wọn ò sì mẹ́nu bà á. Eré sísá ni. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí, sẹ̀ǹtímítà 32 péré ló yẹ kó máa rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní HO. Mítà méjì á gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Èyí tó bá ń fà wágọ́ọ̀nù kiri inú ọgbà ní kìlómítà mẹ́wàá, mítà méjì yẹn á gbà á ju ìṣẹ́jú kan gbáko lọ. Kò gba òjé, kò gba sáńpépà, ọwọ́ la kàn máa fà sẹ́yìn lórí bọ́tìnnì. Síbẹ̀, mo ti lọ síbi tí a ti ń kó àwòṣe wa jọ, tí orí ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn fi ìṣẹ́jú àáyá méjì gba mítà méjì kọjá. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró: kìlómítà 313 láàárín wákàtí. Mallard tó gba ipò kìíní nínú gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1938, nǹkan bíi 203 ló sá.

Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n, Olóòtú. Kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí mítà méjì lẹ́bàá ojú irin wọn, kí wọ́n mú aago, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ wọn sá bó ṣe máa ń sá, kí wọ́n sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò ránṣẹ́ sí yín. Mo ṣe tèmi lálẹ́ àná pẹ̀lú kóòṣì mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lo méje.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ tó ń tún ìjàpá ṣe