Ẹ Bi Àwọn Gbajúmọ̀ Tó Ń Jà fún Mẹ̀kúnnù Léèrè Owó Òṣìṣẹ́ Wọn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ olówó, yálà olórin tàbí òṣèré, tí wọ́n máa ń wá sọ fún àwọn akọ̀ròyìn bí ìyà ṣe ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ń náwó bí ẹlẹ́dà. Ẹ máa ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde pẹ̀lú àwòrán ńlá, àwa náà a sì máa kà á. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí akọ̀ròyìn tó bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, tàbí bóyá wọ́n ń san owó-orí tó yẹ kí wọ́n san.

Ní àdúgbò wa ní Òṣogbo níbí, màmá kan wà tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ tó mú kí wọ́n máa pe ìlú wa ní ìlú aró. Ìyẹ́ adìẹ ni màmá fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, wọn a sá a títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó máa rì í bọ inú ìkòkò aró léraléra títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Bí ẹ bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé aró ti wọ abẹ́ èékánná wọn, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Gbajúmọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá gba aṣọ lọ́wọ́ màmá yìí, èyí tí wọn yóò wọ̀ níbi ètò kan tó dá lórí ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù. Wọ́n ná ọjà náà títí èrè tó kù níbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, wọ́n san ìdajì, wọ́n ní ìyókù ń bọ̀ bí ètò bá parí. Ètò parí, a rí aṣọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì yẹ wọ́n gan-an. Láti ìgbà náà, bí màmá bá ti pè wọ́n lórí fóònù, èsì kan náà ni wọ́n ń gbọ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá ò sí nílé.” Oṣù ń gorí oṣù, owó kò dé. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo ohun tí gbajúmọ̀ yìí sọ níbi ètò náà ló jẹ́ òótọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé ilé iṣẹ́ kan ní Bangladesh ni wọ́n ti rán àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi orúkọ àwọn olórin Spice Girls tà láti kówó jọ fún ìjà ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, àti pé pẹ́ńsì 35 ni àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gbà fún wákàtí kan. Ẹyọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, pọ́ùn 19 àti pẹ́ńsì 40 ni wọ́n ń tà á. Àwọn olórin náà sọ pé ọ̀rọ̀ náà bá àwọn lójijì, ó sì ba àwọn nínú jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ jà fún obìnrin, ó yẹ kó ti wádìí obìnrin tó rán aṣọ náà kí ó tó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ní ti owó-orí, ẹ jẹ́ ká wo Bono, olórin ẹgbẹ́ U2 ti ilẹ̀ Ireland. Ẹni tó bá ní ọkùnrin yìí kò ṣe nǹkan kan fún tálákà, irọ́ ló pa. Ó wà lára àwọn tó pariwo jù lọ pé kí wọ́n fagi lé gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì, ọdún 2005 tí ariwo náà sì le jù lọ náà ni Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó, dárí nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì Nàìjíríà nínú gbèsè tí a jẹ. Ó tún ń rọ ìjọba àwọn ilẹ̀ olówó, títí kan ti Ireland, pé kí wọ́n fi kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ireland pinnu pé owó tí oníṣẹ́ ọnà kò ní san owó-orí lé lórí kò gbọ́dọ̀ ju 250,000 yúrò lọ lọ́dún mọ́, U2 kó apá kan òwò orin wọn lọ sí Netherlands ní ọdún 2006, níbi tí owó-orí ti fúyẹ́. Wọn kò rú òfin kankan, Bono fúnra rẹ̀ sì ti gbèjà ohun tí wọ́n ṣe. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Inú owó-orí ni ìjọba ti ń yọ owó ìrànwọ́, nọ́ọ̀sì àti tíṣà tí wọ́n ń yọ owó-orí lára owó oṣù wọn kí ó tó dé ọwọ́ wọn kò sì ní Netherlands tí wọ́n lè gbé e sá lọ. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò.

Nílé níbí, láti ọdún 2024, 70,000 náírà ni òfin sọ pé ó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ san fún òṣìṣẹ́ lóṣù, ṣùgbọ́n òfin náà kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Èyí já sí pé dírẹ́bà, alásè àti ọlọ́dẹ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ kò sí lábẹ́ ààbò òfin yìí, iye tó bá wu ọ̀gá wọn ni yóò san. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè akọ̀ròyìn ṣe pàtàkì, nítorí ibi tí òfin kò dé, ìtìjú lè dé ibẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá ń yọ wọ́n lẹ́nu báyìí, wọn yóò panu mọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa bá tálákà sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ahun ni gbogbo wọn: ní ọdún 2021, Davido, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ará Ẹdẹ tí kò jìnnà sí wa, fi tirẹ̀ kún owó tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì kó 250 mílíọ̀nù náírà fún àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí, ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọrẹ, ọ̀tọ̀ ni owó iṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọrẹ ló ń yan ẹni tí yóò fún àti iye tí yóò fún un. Owó iṣẹ́ àti owó-orí, gbèsè ni wọ́n, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọrẹ ńlá bo gbèsè kékeré mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí gbajúmọ̀ kan bá tún wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa àìdọ́gba tó wà láàrin olówó àti tálákà, mo bẹ̀ yín, ẹ bi í léèrè iye tí ẹni tó kéré jù lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbà lóṣù, bóyá ó jẹ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ní gbèsè, àti ibi tó ti ń san owó-orí rẹ̀. Kí ẹ tẹ ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ béèrè, kò sì dáhùn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Òkè-Fìà, Òṣogbo.