Adéọlá, Omi Ni Kó O Kọ́kọ́ Kọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Oṣù Kẹta.

Adéọlá ọmọ mi,

Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń mú ilẹ̀ àti ìlú tó ti bàjẹ́ padà bọ̀ sípò tó o yàn dára. Ṣùgbọ́n má tètè ya àwòrán ọgbà kankan. Omi ni kó o kọ́kọ́ kọ́, torí omi ló ń wó ilẹ̀ wa, òun náà la ó fi tún un ṣe.

Òjò mìlímítà 10 tó bá rọ̀ sórí òrùlé páànù tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, lítà 2,000 ni: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, 80 gbáko. Ka iye òrùlé tó wà lókè kòtò ọ̀gbàrá kan, wàá rí ìdí tí kọnkéré tí wọ́n dà sísàlẹ̀ rẹ̀ fi ń là lọ́dọọdún. Òkè ni omi ti ń bọ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dí.

Ohun tó o máa fi mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba ò gbówó lórí. So ọparun méjì tó gùn ní mítà 2 pọ̀ lórí, fi ẹ̀kẹta dábùú àárín, so òkúta mọ́ okùn láti òkè. Sàmì síbi tí okùn bá ti kan ọ̀pá ìdábùú. Wá pààrọ̀ ipò ẹsẹ̀ méjèèjì, sàmì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Àárín àmì méjèèjì ni ìdọ́gba. Ọ̀pọ̀ ń fo ìpààrọ̀ yìí, ilà tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ á wá dà gẹ̀rẹ́, á di ojú ọ̀nà fún omi gan-an tí wọ́n ń sá fún.

Nínú kòtò ọ̀gbàrá, ògiri òkúta kéékèèké ni kó o tò, kó má ga ju sẹ̀ntímítà 50 lọ. Jẹ́ kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì wọlé sínú ògiri kòtò ní sẹ̀ntímítà 50. Bí àárín bá ga, omi á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á gbẹ́ kòtò tuntun fún ọ. Tẹ́ òkúta síbi tí omi ti ń já bọ́. Bí ilẹ̀ bá ń rẹlẹ̀ ní mítà 5 nínú 100, fi mítà 10 sáàárín ògiri kan sí èkejì, kí orí ti ìsàlẹ̀ lè bá ẹsẹ̀ ti òkè dọ́gba. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni kó o ṣe é, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì. Ìgbà tí òjò bá ti múlẹ̀ ni kó o gbin koríko vetiver sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdì kan sí èkejì ní sẹ̀ntímítà 15, kó dábùú ìdàgẹ̀rẹ́ náà.

Igi ńkọ́? Àgúnmániyè, pèrègún àti ìyeyè ṣeé gé lọ́pàá rì mọ́lẹ̀. Ìrókò le díẹ̀: bó o bá gbìn ín lọ́pọ̀ lójú kan, kòkòrò Phytolyma á mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ wú kókó, igi ò sì ní ga. Fi í sáàárín igi mìíràn tó ń ṣíji bò ó. Èmi ò gbà pé oko tó jẹ́ kìkì Gmelina, igi àjèjì tí wọ́n ń gbìn fún pákó, jẹ́ igbó, bó tilẹ̀ wà nínú Igbó Ọmọ tí àjọ àgbáyé UNESCO kà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá abẹ̀mí ní 1977.

Igbó orò lo ti máa rí irúgbìn igi àtijọ́ jù, nítorí wọn kì í sáábà gé e. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í wọ̀ ọ́, nítorí náà, lọ bá olórí ẹbí, kí ó rán ọkùnrin kan lọ ṣa irúgbìn náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé máa ń ro pé bíbéèrè àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kò tó nǹkan. Igi tó o gbìn sórí ilẹ̀ ẹbí láìbéèrè, ẹbí á fà á tu. Ẹgbẹ́ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tún lè fi ọ̀sán ọjọ́ kan gbẹ́ ohun tí ìwọ nìkan á fi oṣù kan gbẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gaari, má jẹ́ kí omi ẹ̀gẹ́ ṣàn sódò. Májèlé sayanáìdì wà nínú rẹ̀, sítáàṣì rẹ̀ náà tún ń jẹ atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á sì kú. Kòtò méjì ni kó gbà kọjá: èkíní kí sítáàṣì rọ̀ sísàlẹ̀ kí àwọn obìnrin lè kó o, èkejì kó ṣí sílẹ̀ fún oòrùn, kó jìnnà sí kànga.

Bó o bá ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, mú tépù mítà 50 dání. Kòtò tó wà lẹ́yìn ọjà ò tíì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Ìyá rẹ.