Ẹ Má Jẹ́ Ká Máa Dáná Sun Ìwé Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta nítorí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an. Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé àtijọ́ tó wà nínú pọ́tímáńtò àwọn baba wa ni mo fẹ́ sọ, àwọn lẹ́tà, rìsíìtì owó orí, àdéhùn ilẹ̀, ìwé ìṣirò ọjà, tó jẹ́ pé tí bàbá bá ti kú, tí wọ́n ti ṣe ìnáwó tán, tí wọ́n wá fẹ́ pín yàrá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa kó wọn lọ, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mo ti rí i lójú ara mi, mo sì gbọ́ pé bákan náà ló rí ní Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stewart Gore-Browne ṣe àpẹẹrẹ. Sọ́jà ni, ọdún 1911 ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí, wọ́n rán òun àtàwọn kan wá pààlà láàárín ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Kóńgò tó wà lọ́wọ́ Belgium. Níbi tó ti ń rìn kiri ló ti rí adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Shiwa Ng'andu, ọkàn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ó padà wá ní 1920, ó gba ilẹ̀ tó lé ní éékà 20,000, ó sì kọ́ ilé ńlá síbẹ̀ láàárín igbó, irú èyí táwọn ọlọ́lá ń gbé nílùú wọn. Ndola ni reluwé ti ń já ẹrù fún un, láti ibẹ̀ orí èèyàn ni wọ́n fi ń rù ú, ọjọ́ gbọọrọ ni wọ́n sì fi ń rìn kí wọ́n tó dé. Àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ ní Chipembele, ìyẹn àgbáǹréré, torí ìbínú rẹ̀ le, ó sì máa ń na àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òun yìí kan náà ló tún dìde gbè fáwọn aláwọ̀ dúdú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, débi pé nígbà tó kú ní 1967, ìjọba Kaunda, ààrẹ Zambia, ló ṣètò ìsìnkú rẹ̀.

Báwo la ṣe wá mọ gbogbo èyí? Ọkùnrin yẹn ò sinmi ìwé kíkọ ni. Ó ń kọ dáyárì, ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ethel Locke King, lọ́dún dé ọdún, ó ń ya fọ́tò, wọ́n sì tọ́jú gbogbo rẹ̀. Mi ò bínú sí i pé wọ́n tọ́jú ìwé rẹ̀ o, ìwúrí ló jẹ́ fún mi. Ohun tó ká mi lára ni pé àwọn tó ru ẹrù láti Ndola, àwọn tó mọ bíríkì, àwọn tó jẹ ẹgba, kò sí ẹni tó bi wọ́n pé báwo lọ̀rọ̀ ṣe rí lójú tiwọn kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀gá ti ń kọ tiẹ̀. Ẹnu onílẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà.

Ní Kenya ló tún burú jù, nítorí ìwé gan-an ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọdún 1903 ni wọ́n fún òyìnbó kan, Lord Delamere, ní éékà 100,000 ní Njoro, kó máa lò ó fún ọdún 99. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Maasai ṣàdéhùn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yà Maasai bá ṣì wà láyé, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn ò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 1911 wọ́n ti gbé ìwé mìíràn wá, wọ́n kó wọn kúrò ní Laikipia, tó wà lára ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn, tàwọn ti màlúù wọn kí àwọn òyìnbó lè ráyè dá oko. Àwọn Maasai gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kọ́ọ̀tù, ẹjọ́ náà sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nítorí pé àdéhùn 1904 yẹn ò sọnù, títí dòní ọmọ wọn lè nawọ́ sí i pé ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí fún bàbá wa rèé.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí òyìnbó ò rí ilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. William Lever ọlọ́ṣẹ wá ilẹ̀ tó máa fi dá oko ọ̀pẹ ńlá, ìjọba ò gbà fún un ní Nàìjíríà, Kóńgò ló gbà lọ ní 1911. Ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ ẹbí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ tiwa ò sí nílé òyìnbó kankan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́gàjí ló wà, ibẹ̀ náà ni ikán wà. Ẹbí kan ládùúgbò wa bá ara wọn dé kọ́ọ̀tù lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn rà nígbà ayé òyìnbó, gbogbo wa la mọ̀ pé ó rà á, àwọn ẹlẹ́rìí tó tẹ̀ka sí i ti kú tán, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wá, ìwé ti jóná nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá mọ́. Àwọn tó sun ún, ọmọ bàbá náà ni.

Bóyá ẹnì kan á ní ìwé ọlọ́lá nìkan ló yẹ ká tọ́jú, kí la fẹ́ fi ìwékúùwé táwọn baba wa kọ ṣe. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí n rán an létí Pásítọ̀ Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ọkùnrin yìí fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin àtàwọn àgbà, ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá parí ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù lọ́hùn-ún! Títí tí Johnson fi kú ní 1901, kò fojú rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ìwé pélébé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ jọ, ó jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ òkun tó gbé e, Appam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì lójú omi, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà, ó lé lọ́dún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ọdún 1921 ló wá jáde. Ẹ wá rò ó wò, ká ní lẹ́yìn ìsìnkú Pásítọ̀, àwọn ará ilé wá palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n rí àwọn bébà tó ti já, wọ́n ní ẹ kó ìdọ̀tí yìí dànù. Kí la ò bá máa kà nípa Aláàfin ìgbà yẹn? Kí làwọn ọmọ ilé ìwé ì bá máa tọ́ka sí?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, kí a tó lè mọ bí ìlú yìí ṣe rí láyé àtijọ́, ọwọ́ àwọn àlejò la ti ń gbà á. Bowen, òyìnbó oníṣẹ́ Ọlọ́run láti Amẹ́ríkà tó dá ìjọ Baptist sílẹ̀ níbí ní 1855, kọ tiẹ̀. Clarke tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà kọ ohun tó rí nínú ìrìn àjò rẹ̀ kiri ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1854 sí 1858, ìwé yẹn ò sì di títẹ̀ títí ọdún 1972 ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni a ṣe rí i tẹ̀. Ní 1963 àwọn ará Yunifásítì Oxford tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Áfíríkà kiri, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé ìwékíwèé tó bá wà nílé, kí wọ́n jọ̀wọ́ kó o wá, yálà lẹ́tà tàbí dáyárì, kódà fọ́tò. Àwa tí wọ́n jẹ ọ̀gá lé lórí, ta ló ti kanlẹ̀kùn wa béèrè?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú pọ́tímáńtò kan fún yín. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ta ọjà ní Gana ni, páànù dúdú tó ti dípata létí. Ìwé tó wà lókè pátápátá, lẹ́tà kan láti Kumasi tí akọ̀wé kan bá a kọ ní 1957, ọdún tí Gana gbòmìnira, yíǹkì rẹ̀ ti ń di àwọ̀ pupa. Ó ka iye aṣọ tó fi ránṣẹ́ sílé, ó dárúkọ dírẹ́bà tó gbé e, ó ní kí wọ́n mú ṣílè mẹ́wàá nínú owó náà fún ìyá òun, kí wọ́n fi ìyókù ra páànù tí wọ́n máa fi bo ilé. Ilé yẹn ṣì wà, inú rẹ̀ la ṣì ń gbé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn bébà mìíràn wà, Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú wọn ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn àlùfáà ló lè bá wa kà á. Ìwé ìṣirò ọjà rẹ̀ tí wọ́n ní ó kún inú àpótí kejì ni mo wá títí tí mi ò rí, wọ́n ní wọ́n ti kó o fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà, wọ́n ti fi wé ẹ̀pà.

Àwọn tí ò mọ̀tàn lè má mọ bí èyí ṣe dunni tó. Oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gana, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Àìmọye ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tó fi ilé sílẹ̀, tó fi gbèsè táwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbé délé kò pọ̀. Irú ìwé ìṣirò yẹn nìkan ni ì bá sọ ohun tí ẹnì kan ní àti ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá a lè ṣe. Ẹ má kó ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lé orí tábìlì tàbí pẹpẹ tí kò kan ògiri. Èyí tó ti ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, bó bá pẹ́ á máa jẹ bébà náà, ẹ má sì láminéètì rẹ̀, kò ṣeé tú mọ́. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lójú mọmọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tó wà níbòmíràn kó má baà jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló wà. Fọ́tò àtijọ́, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn nísinsìnyí tí ìyá àgbà ṣì dá wọn mọ̀. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹbí nìkan ò lè dá a ṣe. Ilé ìkówèésí tó ń tọ́jú ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ìwé Herbert Macaulay wà, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá arúgbó tó wà ní Ìkòyí-Ilé tàbí Orílé Ìgbọ́n ò lè gbé àpótí lọ sí Ìbàdàn. Yunifásítì LAUTECH wà níbí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Baptist wà níbí, ààfin Ṣọ̀ún àti ààfin Aláàfin wà. Kí ọ̀kan nínú wọn ya yàrá kan sọ́tọ̀, kí wọ́n máa ya ìwé àwọn èèyàn ní fọ́tò kí wọ́n sì dá a padà fún wọn, ẹbí ni yóò máa ní ìwé rẹ̀ lọ. Láti 2004 ni British Library ti ní ètò kan tó ń fún àwọn èèyàn lówó láti tọ́jú ìwé tó fẹ́ parun káàkiri àgbáyé, kí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì kọ̀wé béèrè fún un.

Ẹ̀yin náà Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé kan lọ́sẹ̀, kí àwọn òǹkàwé máa fi fọ́tò lẹ́tà kan tàbí rìsíìtì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé ẹni tó ni ín. Èmi á kọ́kọ́ fi lẹ́tà Kumasi yẹn ránṣẹ́ bẹ́ ẹ bá ti gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Alájàpá,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.