Àga Àdùkẹ́

Iléṣà

Ìyá Ìbejì mi,

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ẹ pé mi ò pè. Jọ̀ọ́, àga ló gbà mí lákòókò.

Ṣé o rántí bí Àdùkẹ́ ṣe máa ń ṣe tá a bá gbé e jókòó? Ìdí á máa yọ́ lọ síwájú, ẹ̀yìn á ká kò, lójijì ara á le gbagidi, orí á dà sẹ́yìn. Àwa á sì máa pariwo, “Di ṣíbí mú! Di ṣíbí mú!” Àṣé ọwọ́ kọ́. Obìnrin tó ń ṣe físíò, ìdárayá ìtọ́jú ara, fún un ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ló sọ pé, “Mọ́mì, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wo ìdí.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ọmọ mú ṣinṣin, orí sì gbéra fúnra rẹ̀. Ó ní nínú cerebral palsy, ọpọlọ tó fara pa ni kì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ràn. Bí ìdí ò bá rí ibi jókòó sí dáadáa, gbogbo agbára ọmọ ló máa fi wá bí kò ṣe ní ṣubú, kí ló máa ṣẹ́ kù fún ọwọ́?

Àga àkọ́kọ́, ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí kápẹ́ńtà ẹ̀yìn ọjà Àtàkúmọ̀sà kàn án tóbi kó lè lò ó pẹ́, bí ẹni rán aṣọ iléèwé. Ẹsẹ̀ ń fì dirodiro, ọmọ yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì bọ́ sílẹ̀! Ìkejì la wá wọn láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, a fi àyè ìka 2 sílẹ̀. Pákó wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀, bẹ́líìtì gba orí ìṣẹ́po itan, kì í ṣe ikùn. Wọ́n gé ojú tábìlì kó lè gbá a mọ́ra, kí ìgúnpá rí ibi sinmi.

Ìyá ọkọ mi ní a so ọmọ òun mọ́ àga bí ewúrẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n, ó fò kọjá abọ́, ó tún fò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bà á, ó fún un pọ̀. Ìdajì dé ẹnu, ìyókù wà lára ìró mi. Kò pẹ́ tó fi rẹ̀ ẹ́, mo gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ ò tíì rìn o, má lọ máa jó níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n lọ tú òmíràn nínú ewé.

Èmi ni,
Ìyá Àdùkẹ́