Ẹ Má Fi Ojú Eré Wo Ẹ̀kọ́ Aṣáájú Ìrìnkèrindò ní Yunifásítì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí ń fi ojú eré wò, èyíinì ni ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì kan fi ń tọ́ àwọn tí yóò máa ṣáájú ẹlòmíràn lọ sórí òkè, sínú igbó, sínú ihò àpáta àti sójú omi. Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ nílé pé iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́ lọ kọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi í ni pé ṣé ó yẹ kí ènìyàn lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní yunifásítì nítorí àtigun òkè. Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn gidi.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń so okùn, bí a ṣe ń fi kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà nínú kùrukùru, tàbí bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ kékeré tó dojú dé dìde, lè kọ́ ìpìlẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó dáńtọ́. Ohun tó ń gba ọdún ni bí a ti ń pinnu: ìgbà wo ni kí a tẹ̀ síwájú, ìgbà wo ni kí a dúró, ìgbà wo ni kí a kó gbogbo ẹgbẹ́ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣóńṣó òkè ti hàn, tí inú àwọn tó sanwó ìrìn náà kò sì ní dùn sí i. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ aṣáájú lórí òkè ni pé kó rí igi náà kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e tó mọ̀ pé igi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 lórí òkè Cairngorm ní Skọ́tíláǹdì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Edinburgh pín sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n sì forí lé ahéré kan lókè níbi tí wọ́n fẹ́ sùn. Ìjì yìnyín dé bá wọn lọ́nà. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rí ahéré náà, wọ́n sì yè. Ẹgbẹ́ kejì kò débẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n sùn fún òru méjì nínú yìnyín, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún àti ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣáájú sì kú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ìgboyà. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ yìí máa rántí ni pé, nígbà tó yá, wọ́n wó ahéré náà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ òkè náà gbà pé bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà lókè lè máa fa àwọn ènìyàn síwájú nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a kọ́ fún ààbò lè di ewu fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń pinnu.

Ọ̀rọ̀ ojú omi kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1993, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ àti olùkọ́ wọn tu ọkọ̀ kékeré lọ sójú òkun ní Lyme Bay, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn olùdarí méjì tí ìmọ̀ wọn kò tó ohun tí òkun béèrè. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú. Ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni ibùdó tó ṣètò ìrìn náà sẹ́wọ̀n, àwọn aṣòfin sì ṣe òfin ní ọdún 1995 pé ibùdó tó bá ń ta irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Òfin yẹn dára, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í tu ọkọ̀, ènìyàn tí a tọ́ dáadáa ni yóò wo ojú ọ̀run láàárọ̀ tí yóò ní, "A kò lọ lónìí."

Paul Petzoldt, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó gbìyànjú láti gun òkè K2 ní ọdún 1938, mọ èyí. Ó dá NOLS, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ àwọn aṣáájú ìrìn inú igbó àti orí òkè, sílẹ̀ ní Wyoming ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965 nítorí pé àwọn aṣáájú tó mọṣẹ́ kò pọ̀ tó, ó sì tún bá àwọn kan dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 1977 kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè wọ yunifásítì. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ nípa ojú ọjọ́, ìtọ́jú ẹni tó fara pa níbi tí ọkọ̀ aláìsàn kò lè dé, òfin, ààbò àwọn ọmọdé, àti bí ìbẹ̀rù àti àárẹ̀ ṣe ń yí ìwà ènìyàn padà. Kódà wọ́n ń kọ́ wọn pé ihò ìgbẹ́ nínú igbó gbọ́dọ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì jìnnà sí omi tó nǹkan bíi mítà 60.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níta ló ń náni lówó jù, òun ni ó sì rọrùn jù láti gé kúrò nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n, kí a fi fídíò àti ìjíròrò inú yàrá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì tutù, tí ebi kò tíì pa, tí kò tíì ní ènìyàn mẹ́wàá tó ń wo ojú rẹ̀ fún ìpinnu, kò tíì kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun yòówù tó lè kọ sínú ìwé ìdánwò. Abájọ tí Mountain Leader, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ṣáájú ẹlòmíràn lórí òkè ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, fi béèrè pé kí ènìyàn ti ní ó kéré tán ogójì ọjọ́ gidi lórí òkè lákọsílẹ̀ kó tó wá fún àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ márùn-ún. Oyè yunifásítì nìkan kò rọ́pò irú àyẹ̀wò yẹn, n kò sì ní fi pamọ́ pé owó iṣẹ́ náà kì í pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé àkókò ọdún.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n má ṣe kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá a wádìí ilé-ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Ọjọ́ mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò níta lọ́dún kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò máa wò ó bó ti ń darí ẹgbẹ́, ṣé ẹni náà sì ti ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀? Ìwé ẹ̀rí wo ni yóò gbà pẹ̀lú oyè rẹ̀? Kí wọ́n sì béèrè ìgbà tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ dá ìrìn dúró kẹ́yìn nítorí ojú ọjọ́, àti ohun tí wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé ìwé ìròyìn yín